Ọṣẹ Dúdú Eléwé: Bí A Ṣe Ń Sè É Nílé ní Pobẹ̀ àti Ṣakété

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ se ọṣẹ eléwé, ewé ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Yóò já ewé, yóò gún un, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá eérú kiri. Ẹ̀yìn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Eérú ló ń sọ epo di ọṣẹ, iná àti sùúrù ló ń sọ ọ́ di ọṣẹ gidi, ewé ló ń kẹ́yìn. Bí eérú kò bá dára, kò sí ewé tó lè gba ọṣẹ náà sílẹ̀. Bí ọṣẹ bá sì jinná dénú, yóò wẹ ara mọ́ tónítóní, kódà kí ẹ má fi ewé kankan sí i. Ìdí nìyí tí ewé fi jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ nínú orí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ojú ìwé.

Ọṣẹ ìwẹ̀ là ń sọ, ọṣẹ dúdú tí àwọn Gùn àti Fọ̀n aládùúgbò wa ń pè ní kótó. Ọṣẹ àwúre àti irú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn babaláwo àti oníṣègùn. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ lásán ni àwọn náà ti ń rà á, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọṣẹ lásán sè dáadáa, ọjà rẹ̀ kò ní kùtà.

Àdín àti epo pupa

Láti Ṣakété títí dé Pobẹ̀ àti àwọn abúlé Ọ̀họ̀rí, ọ̀pẹ kì í wọ́n. Òun ló mú kí àwọn Faransé la ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Ṣakété wá sí Pobẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kí epo àti ẹ̀kùrọ́ lè rí ọ̀nà dé etíkun. Kí ojú irin tó dé rárá ni òwò náà ti wà: ní 1841, Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, ti dó sí Ouidah, ó ń ra epo. Ọṣẹ sì wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n ń fi epo ilẹ̀ wa ṣe lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kó epo sọdá òkun lọ ṣe yẹn, ẹ̀yìnkùlé wa ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é pẹ̀lú eérú àti ìkòkò.

Epo méjì ni ẹ ó nílò. Àdín ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń mú ọṣẹ hó. Nǹkan bí ìdajì àdín jẹ́ ọ̀rá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lauric, èyí tó tún pọ̀ nínú epo àgbọn, kò sì sí ọ̀rá tó ń hó tó o. Epo pupa kì í hó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọṣẹ le, kí ó má tètè yọ́ tán nínú omi. Bí ẹ bá ní lítà méjì epo lápapọ̀, ẹ jẹ́ kí lítà kan àtààbọ̀ jẹ́ àdín, kí ìdajì lítà jẹ́ epo pupa. Àwọn tó fẹ́ràn àdín nìkan wà, ọṣẹ wọn a sì máa hó gidigidi, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ awọ ju bó ti yẹ lọ lójú tèmi.

Àdín dúdú tí a fi iná yan jáde nínú agbada àti àdín tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún, èyíkéyìí dára. Ti agbada ní òórùn tirẹ̀, òórùn náà kò sì ní tán nínú ọṣẹ. Àwọn kan fẹ́ ẹ, àwọn kan kò fẹ́ ẹ. Ẹ má lo epo tí a ti fi dín àkàrà tàbí ẹja. Àdín tó ti pẹ́ díẹ̀ nílé kò burú, nítorí àdín tó ti ń kan máa ń tètè gba eérú ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Èyí tó ti ń rùn gan-an ni kí ẹ dà nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ tí ará Pobẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Láti 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀, irúgbìn ọ̀pẹ àtúnṣe tó ń ti ibẹ̀ jáde sì ti kún oko púpọ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pẹ wọ̀nyí lẹ́ran púpọ̀, èèpo ẹ̀kùrọ́ wọn fẹ́lẹ́, ẹ̀kùrọ́ inú rẹ̀ sì kéré. Wọ́n dára fún epo pupa. Ẹni tó ń wá àdín kò gbọdọ̀ gé ọ̀pẹ àbáláyé rẹ̀ tán, nítorí ẹ̀kùrọ́ inú ọmọ rẹ̀ tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo rẹ̀ nípọn tó sì le láti pa.

Eérú

Ibí ni kí ẹ dúró pẹ́ jù. Ohun tó wà nínú eérú tó ń ṣe iṣẹ́ ni iyọ̀ pọ̀tásíọ̀mù, kì í sì í ṣe gbogbo igi ló ní in bákan náà. Eérú igi ìdáná lásán kò lágbára tó. Ní ìhà Ìbàdàn àti Oǹdó, èèpo kòkó ni wọ́n ń sun, nítorí kòkó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdì ẹyìn tí a ti yọ ọmọ rẹ̀ tán ni ọba. Èyí tí àwọn tó ń fún epo ń dà sẹ́yìn ilé, tó ń jẹrà níbẹ̀, ọrọ̀ ni. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà dára gan-an, ẹ lè kó o jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín dòdò.

Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ dénú. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á, pàápàá lẹ́yìn tó bá ti jóná, nítorí eérú tí òjò bá pa, agbára rẹ̀ ti bá omi lọ sínú ilẹ̀. Orí irin pẹlẹbẹ tàbí nínú agbada àtijọ́ ni kí ẹ ti sun ún, kí iyanrìn má bàa dà mọ́ ọn. Ẹ má fi ọ̀rá, rọ́bà tàbí igi tí a kùn lọ́dà dá iná náà, ẹ má sì da epo kẹrosíìnì sí i. Ohun tí ẹ bá sun mọ́ ọn, awọ ara yín ni yóò gbà á. Ẹ jẹ́ kí ó jó títí yóò fi di eérú funfun tàbí eléérú. Tó bá ṣì dúdú, èédú ló kù níbẹ̀: ẹ dá iná sí i padà. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi asẹ́ kù ú, kí ẹ sì pa á mọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Eérú ìdì ẹyìn tó dára a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ láìbò, ẹ ó bá a tó ti rin gbindin.

Fún lítà méjì epo, ẹ wá kílò méjì sí mẹ́ta eérú. Kò sí eérú méjì tó dọ́gba, nítorí náà ẹ má gbára lé ìwọ̀n yìí nìkan. Àpẹẹrẹ tí mo máa sọ níwájú ni kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ gbé ajere ka orí ìkòkò amọ̀ tàbí ike líle. Ẹ tẹ́ ìhá gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí eérú má bàa jò. Ẹ da eérú lé e, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má dì í. Ẹ wá máa da omi òjò gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Omi òjò dára ju omi kànga lọ, nítorí omi kànga mìíràn ní iyọ̀ ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Omi tó máa kọ́kọ́ kán yóò pọ́n bí àgbo, yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tún da omi mìíràn sí eérú náà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Kí omi tó ń kán tó funfun, agbára rẹ̀ ti tán.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ó lágbára tó? Àwọn àgbà kan máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Èmi bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ju ẹyin adìẹ tútù sínú rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù. Bó bá rì, ẹ gbé omi náà kaná kí ó gbẹ sí i. Bó bá léfòó, tí ìwọ̀n owó ẹyọ kan lára rẹ̀ yọ sókè, ó ti tó. Ẹ má jẹ ẹyin náà mọ́.

Ìkòkò irin, ìkòkò amọ̀ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù tí a fi ń se ọbẹ̀ kò bá omi eérú rẹ́: yóò jẹ ẹ́ lu, afẹ́fẹ́ tó lè gbaná yóò sì máa jáde.

Omi eérú tó ti lágbára báyìí ń jó awọ, ó sì ń fọ́ ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú. Bó bá ta sí ojú, omi tútù ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí epo sí i. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọmọdé. Ẹ má ṣe rọ omi eérú tàbí omi sódà tí a fi ń se ọṣẹ sínú ìgò omi mímu tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ti mu ún, ọwọ́ wa a máa yá sí epo pupa kí ó lè bì. Ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń wọlé yóò tún jó o lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó bá ń jáde, ó sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fọ ẹnu ọmọ náà, ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakété lọ́gán.

Sísè

Ẹ dá iná sí àdògán láàárọ̀, nítorí ó lè di ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí ẹ fẹ́ sè lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ gbé epo kaná títí yóò fi gbóná, kì í ṣe títí yóò fi rú èéfín. Ẹ wá máa bu omi eérú àkọ́kọ́ sí i, ife kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi orógùn rò ó. Yóò ru sókè. Afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú iyọ̀ eérú náà ló ń sá jáde, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìkòkò tóbi. Bó bá fẹ́ kún bo etí ìkòkò, ẹ fa igi sẹ́yìn kí iná rọlẹ̀. Ẹ má bu omi tútù lù ú.

Fún wákàtí kan sí méjì àkọ́kọ́, epo àti omi kò ní fẹ́ gbọ́ra wọn yé. Ẹ ó rí epo lókè, omi nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ máa rò ó, kí iná máa jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó bá yá, yóò dàpọ̀, yóò ki, yóò wá máa fa orógùn. Bí ó ṣe ń gbẹ ni ẹ ó máa fi omi eérú ẹlẹ́ẹ̀kejì bù ú. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní pupa, yóò di rúsúrúsú, yóò máa dúdú lọ.

Ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun tí omi mímọ́ wà, kí ẹ fọwọ́ rà á. Bí ojú epo bá ń léfòó lórí omi, eérú kò tíì tó: ẹ fi kún un, kí ẹ sè é sí i. Bó bá yọ́ tán, tó hó, tí omi náà kò ní epo lójú, ó ti jinná. Bí ó bá ta yín lọ́wọ́ tàbí tó jẹ́ kí awọ yín gbẹ kí ó sì funfun, eérú ti pọ̀ jù: ẹ fi àdín díẹ̀ sí i, ẹ tún sè é fún ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá lè rí bébà tí wọ́n fi ń wọn kíkan omi ní ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́, kí ó fi ìwọ̀n rẹ̀ dé 9 sí 10. Tó bá ju 10 lọ, ẹ má fi wẹ̀.

Ọṣẹ eérú máa ń rọ̀, kì í dì gbagidi, nítorí pọ̀tásíọ̀mù ló gbé e dúró. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá tà yín ní ọṣẹ dúdú tó le bí òkúta, tó sì dúdú kirikiri láìní òórùn àdín rárá, ẹ bi í bóyá èédú ló fi pa á láró.

Ẹni tó fẹ́ kí ọṣẹ rẹ̀ le

Sódà kọ́sítíìkì (caustic soda) ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lò dípò eérú, kò sì sí àfojúdá nínú rẹ̀: ìwọ̀n onínọ́ńbà ni ẹ ó fi wọn gbogbo nǹkan. Gíráámù 600 àdín, gíráámù 400 epo pupa, gíráámù 150 sódà, gíráámù 330 omi. Sódà ni ẹ ó máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, níta gbangba. Ẹ má da omi sórí sódà láé, yóò bú jáde lójú yín. Ẹ jẹ́ kí omi sódà náà àti epo lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ rò ó títí tí ipa orógùn yóò fi máa hàn lórí rẹ̀, ẹ dà á sínú àpótí igi tí ẹ tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sí. Ẹ gé e lọ́jọ́ kejì, ẹ má fi wẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Ó dára fún títà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ má sì tà á lórúkọ ọṣẹ dúdú.

Ewé

Ewé tútù nínú ọṣẹ yóò jẹrà. Gbogbo ọṣẹ eléwé tó bu funfun lójú lẹ́yìn oṣù kan, ohun tó ṣe é nìyẹn. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti sá ewé títí yóò fi máa rún lọ́wọ́, kí ẹ gún un, kí ẹ fi asẹ́ aláṣọ kù ú. Ẹ dúró kí ọṣẹ kúrò lórí iná, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó pò ó mọ́ ọn. Gíráámù 20 sí 30 tó fún kílò kan ọṣẹ. Bí ẹ bá da púpọ̀ sí i, ńṣe ni yóò máa ha ara, kò ní ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn jù: ẹ rẹ ewé gbígbẹ sínú àdín lórí iná tí kò lágbára fún wákàtí méjì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi àdín náà se ọṣẹ.

Àsúnwọ̀n òyìnbó ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí làpálàpá ti hàn sí àwọn àgbà, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ewé náà ń pa irú olú tó ń fa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í pẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kí ìfófò rẹ̀ dúró lójú làpálàpá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣàn án. Ewé dóńgóyárò dára fún ara tó ń sú wẹ́wẹ́. Ẹfínrín ń fúnni ní òórùn dáadáa, òórùn náà kì í sì í pẹ́, nítorí náà òun ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn pátápátá. Osùn ń mú awọ rọ̀, ó sì ń yí àwọ̀ ọṣẹ padà. Òrí tó ń ti ìhà Parakou wá, ṣíbí ìjẹun méjì fún kílò kan, ni kí ẹ fi dá ọ̀rá padà fún ẹni tí awọ rẹ̀ máa ń gbẹ lásìkò ọyẹ́. Oyin díẹ̀ kò burú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn láti máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọṣẹ. Mo mọ̀ pé yóò dun ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kíkan ọsàn ń tú ọṣẹ ká ni: ibi tí omi rẹ̀ bá kàn yóò padà di ọ̀rá, yóò dẹ́kun híhó. Ẹ lo èèpo ọsàn gbígbẹ tí a gún bó bá jẹ́ òórùn rẹ̀ lẹ fẹ́. Ní ti ìpara tí wọ́n fi ń bóra, tí àwọn kan ń tẹ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú kí ó lè "mú ara mọ́", ẹ má jẹ́ kí ó dé ibi iṣẹ́ yín. Mákúrì wà nínú òmíràn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata ti 2013 ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáwọ́ ṣíṣe ìpara àti ọṣẹ oní-mákúrì dúró láti 2020.

Ẹ fi ọṣẹ tuntun ra ìsàlẹ̀ apá kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi wẹ gbogbo ara. Ẹ má fi wẹ ọmọ tuntun, ẹ má sì fi fọ ojú ara obìnrin.

Ibi tí ọṣẹ kò lè dé

Ní Pobẹ̀, ẹni tó ń ta ọṣẹ eléwé gbọ́dọ̀ mọ ọgbẹ́ Bùrúlì. Àrùn náà wà ní agbègbè wa, lẹ́bàá omi àti ẹrẹ̀, òun ló sì mú kí wọ́n dá ilé ìtọ́jú pàtàkì sílẹ̀ fún un ní Pobẹ̀ ní 2003, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Raoul Follereau. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Koókó kékeré lábẹ́ awọ ni, tàbí ibi tó wú tó sì le, kì í sì í sábà dun ẹni tó ní in. Nítorí pé kò dùn ún, yóò máa fi ọṣẹ àti ewé tọ́jú rẹ̀ nílé títí awọ yóò fi là, tí ọgbẹ́ yóò máa jẹ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọdé ló ń mú jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá tètè dé ilé ìtọ́jú, oògùn apakòkòrò tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè wò ó láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí oníbàárà yín bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn yín, ẹ má ta ọṣẹ fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ júwe ọ̀nà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ara yíyún tó ń ran gbogbo ará ilé, tó sì ń le sí i lóru. Kòkòrò tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ló ń fà á. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, gbogbo ilé ló sì gbọ́dọ̀ lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Pípamọ́

Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ eérú sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán nínú ike tí ẹ fi aṣọ bò. Yóò dúdú sí i, títa rẹ̀ yóò sì dínkù. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ọ́n ní ìṣù, ẹ fi ewé gbòdògì tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ dì í. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù náà ṣeé lò, kí afẹ́fẹ́ sáà má wọlé, nítorí ọṣẹ yìí ń fa omi. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é àti orúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀ sára ìṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ewé kan kì í bá lára mu lè mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀. Nínú ilé ìwẹ̀, ẹ máa bu ìwọ̀nba sínú igbá pẹ̀lú kànìnkànìn, kí ìyókù wà níbi gbígbẹ. Èyí tó bá tú tàbí tó pín sí epo àti omi, ẹ dá a padà sínú ìkòkò, ẹ fi ife omi eérú kan sí i, ẹ tún un sè.